Ẹ Ṣírò Ọjọ́ àti Omi Kí Ẹ Tó Pín Ọkọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ètò tí wọ́n ń dá sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìgbèríko la fẹ́ bá yín sọ: ọgbà ẹ̀fọ́, oko àpapọ̀, igi àti òdòdó gbígbìn yí gbọ̀ngán abúlé ká. Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ni ìwé ìròyìn sábà máa ń bá wọn débẹ̀. Fọ́tò á jáde, ọkọ́ tuntun á máa dán, gbogbo ọmọ á dé fìlà kan náà. Bí ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, èpò ti ga dé orúnkún, ọkọ́ ti dípẹtà, wọ́n á sì ní àwọn ọ̀dọ́ òde òní ò fẹ́ràn iṣẹ́ ilẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọ̀gbìn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣirò méjì kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe kí wọ́n tó pín ọkọ́: ti ọjọ́, àti ti omi. Ibẹ̀ ni ètò ti ń kú.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjọ́ ṣáájú. Tòmátò ni gbogbo ẹgbẹ́ tuntun máa ń sáré gbìn. Bí sáà ilé ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ á bá ìpàdé, ìforúkọsílẹ̀ àti ilẹ̀ ṣíṣán lọ. Irúgbìn tòmátò á wá lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ní nọ́sìrì, ibi tí a ti ń tọ́ ọ kí a tó ṣí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i lọ sí bẹ́ẹ̀dì (abala ilẹ̀ tí a kọ fún ẹ̀fọ́), á tó ọjọ́ 60 sí 80 kí èso àkọ́kọ́ tó pọ́n. Ẹ rò ó pọ̀, ó ti di ọ̀sẹ̀ 15, ó sì lè di 17. Sáà ti parí. Nígbà tí èso ń pọ́n, ọmọ tó gbìn ín ti lọ fún ìsinmi. Ẹyẹ àti àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbìn ín ló jẹ ẹ́. Ta ni yóò wá dá yín lóhùn bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ jáde wá ṣán ilẹ̀ ní sáà kejì?

Ẹ̀yìn la ti ń ka ọjọ́ ọgbà ọmọdé. Ẹ mú ọjọ́ tí sáà máa parí, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ kan kúrò fún ìkórè, kí ẹ tó wá wo irúgbìn tí ọjọ́ tó kù lè gbà. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n fọ́n ọn títí di ọjọ́ tí wọ́n á gé e. Ilá àti ẹ̀wà tí wọ́n ń já ní tútù ń lo nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60. Àgbàdo tútù ń lo 75 sí 90. Nítorí náà, tẹ̀tẹ̀ ni ká kọ́kọ́ fọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí àwọn ọmọ gbé ìdì ẹ̀fọ́ lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ keje, kí wọ́n sì tún fọ́n òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ tòmátò dandan, kí àgbàlagbà kan gbin nọ́sìrì sílẹ̀ kí sáà tó wọlé, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọdún kejì, nígbà tí ọwọ́ àwọn ọmọ á ti mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ ò ní sáà kankan tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n àwọn náà ò ní sùúrù oṣù mẹ́rin bí owó kan ò bá wọlé láàárín. Ohun tó yá ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò kejì ni omi, òun ló sì ń pa ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ètò náà. Bí omi mìlímítà 1 bá bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú àti mítà 1 lóròó, lítà 1 ni omi náà. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú tí òjò ò rọ̀, ẹ̀fọ́ tó ti dàgbà ń fa nǹkan bíi mìlímítà 4 sí 6. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 5, á gba lítà 20 sí 30 lójúmọ́. Ẹ fi í sí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan fún bẹ́ẹ̀dì kan. Bí ẹgbẹ́ bá wá kọ bẹ́ẹ̀dì 20 nítorí pé ilẹ̀ fẹ̀, lítà 500 lójúmọ́ nìyẹn. Ká ní kànga wà ní mítà 400 sí ọgbà, tí ọmọ kan sì lè gbé lítà 10 lẹ́ẹ̀kan, àlọ àti àbọ̀ 50 ni. Kìlómítà 40 ni àwọn ọmọ náà jọ ń rìn lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀fọ́. Wọn ò ní í pẹ́ sá.

Torí náà, ẹ má ṣe béèrè bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ wọn omi. Ẹ lọ sídìí kànga ní ìgbà tí omi máa ń fà jù lọ láàárín ọdún, ẹ ka kẹ́ẹ̀gì tó lè yọ fún ọgbà lẹ́yìn tí àwọn ará ilé bá ti pọn tiwọn tán. Bí ó bá jẹ́ lítà 150, bẹ́ẹ̀dì 6 ni ẹ ní. Ẹ gbin ìyókù ilẹ̀ náà ní ìgbà òjò nìkan.

A mọ̀ pé ẹnìkan á ní ká gbé táńkì sábẹ́ òrùlé. Ó dára. Òjò mìlímítà 20 tó bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 6, tó gùn ní mítà 10, á fúnni ní lítà 1,200. Ẹ yọ ìdámárùn-ún kúrò fún èyí tó máa ta dànù tàbí tó máa jò, ó ku bíi 960. Òjò kan ṣoṣo á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún táńkì onílítà 1,000. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì 6 tí a wí yẹn á mu ún tán láàárín ọjọ́ 6 tàbí 7. Táńkì ń bá wa gba àlàfo àárín òjò kan sí èkejì, kò lè gba oṣù ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pé táńkì kan á jẹ́ kí wọ́n máa gbin nǹkan láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá, ẹ bi í ní ìṣirò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu táńkì náà nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tó kọ́kọ́ ṣàn lórí òrùlé lọ dànù, nítorí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ.

Bí a ṣe ń bomi rin pàápàá nílò ẹ̀kọ́. Ọmọdé fẹ́ràn láti máa wọ́n omi káàkiri bí ẹni ń wọ́n omi sí eruku ilé. Ojú ilẹ̀ á dúdú, gbogbo wọn á gbà pé ó ti tó. Ẹ ní kí ọmọ kan fi igi wa ilẹ̀ náà jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá bomi rin tán: sẹ̀ǹtímítà 2 òkè ló rin, ìsàlẹ̀ gbẹ bí ìyẹ̀fun. Gbòǹgbò á wá máa gòkè wá omi, oòrùn ọ̀sán kan á sì jó o. Ó sàn kí a da omi sídìí ọ̀gbìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọlẹ̀, ní kùtùkùtù. Omi tí a dà sórí ewé ní alẹ́ máa ń pẹ́ lórí rẹ̀, àìsàn ewé sì ń wá ibi tó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 bo ilẹ̀, kí ó má kan ìtì ọ̀gbìn. Koríko tó ti so èso kò dára fún èyí, nítorí èpò lẹ ń gbìn yẹn.

Bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ lè dé láàárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mítà 1 tó fún ọ̀dọ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 50 sílẹ̀ fún ọ̀nà, kí ẹ sì fi mítà 1 sílẹ̀ sí àárín gbùngbùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bárò ò ní í lè kọjá, wọ́n á sì máa tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 kí omi má mú gbòǹgbò rà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yí i padà: ẹ gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí omi tí a bá dà sí i lè dúró. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í yí i, wọ́n á sì máa bomi rin òkè kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ta ló ni bẹ́ẹ̀dì wo? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tí gbogbo wa jọ ni, ẹnìkan ò ní í rántí bu omi sí i. Ọmọ méjì sí bẹ́ẹ̀dì kan, orúkọ wọn lára pátákó, lára méjì yẹn ọ̀kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ilé èkejì, kí ìrìn àjò ìdílé kan má bàa sọ bẹ́ẹ̀dì di aláìlólùtọ́jú. Àwọn tó dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ láyé àtijọ́ mọ èyí. Ní 1902, A. B. Graham, tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko ní Clark County ní Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kó àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ láti gbin àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti òdòdó, kí wọ́n sì yẹ ilẹ̀ oko wò. Ara irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí 4-H lónìí ti jáde. Ní 1921, ní abúlé Hemyock ní Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ màlúù sínsìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tiwọn. Ohun ọ̀gbìn tàbí ohun ọ̀sìn tí ọmọ lè nawọ́ sí pé tèmi rèé, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ló mú irú ẹgbẹ́ báyìí tọ́jọ́.

Kí ọkọ́ tó wọlẹ̀, ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ tí èèyàn kan fi ẹnu lásán yọ̀ǹda ni wọ́n máa ń gbà padà nígbà tí ajílẹ̀ ọdún méjì bá ti sọ ọ́ di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọdún 5 ó kéré tán, ìbú àti òró ilẹ̀ náà, ẹni tó ni irè, ohun tí a máa ṣe bí onílẹ̀ bá fẹ́ ẹ padà kí irúgbìn tó gbó. Níbi tí kò bá sí ìwé, ẹ má gbin igi eléso.

Bákan náà ni ti ọgbà tó yí ọgbà ká. Àwọn tó fún nǹkan méjèèjì ní orúkọ kan náà lédè wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ewúrẹ́ mẹ́ta tó wọlé ní ìdajì wákàtí á jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 tán. Òpó ní gbogbo mítà 2, kí a rì í wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50. Nẹ́ẹ̀tì wáyà tó ga ní mítà 1.2, kí a sì rì ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì náà wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 nítorí ẹran tó máa ń fi imú gbé e. Owó tí wọ́n ná sí fìlà ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òpó yìí.

Ajílẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọmọdé fẹ́ràn jù lọ bí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn kan ooru rẹ̀. Òkìtì tí a ń tò ó sí kò gbọdọ̀ kéré sí mítà 1 níbùú, lóròó àti ní gíga, torí òkìtì kékeré kì í gbóná. Ẹ tẹ́ igi wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lẹ́yìn náà, ohun gbígbẹ bíi koríko, ewé tó ti wọ́ àti pòròpórò àgbàdo tí a gé wẹ́wẹ́, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ohun tútù bí èpò àti èèpo ẹ̀fọ́, sẹ̀ǹtímítà 10. Ìgbẹ́ ẹran tàbí ti adìyẹ, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì tún un tò bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ga tó. Ohun tí a tò sínú rẹ̀ gbọdọ̀ rin bíi kànrìnkàn tí a fún: bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì jáde, kó má ṣàn.

Ẹ ki ọ̀pá gígùn kan bọ àárín rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ fà á yọ kí ọmọ kan fọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná tó fi yára mú ọwọ́ kúrò, iṣẹ́ ń lọ. Inú òkìtì náà lè tó ìwọ̀n 55 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius, ooru yìí ló sì ń pa irúgbìn èpò àti àrùn. Bí ọ̀pá bá tutù tó sì gbẹ, omi ò tó. Bó bá tutù tó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, omi pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò wọlé: ẹ tú u, kí ẹ fi ohun gbígbẹ sí i. Bó bá ń ta sí imú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, ohun tútù tàbí ìgbẹ́ adìyẹ ló pọ̀ jù. Ẹ máa yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín, ní gbogbo ìgbà tí ooru bá ti lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 2 sí 3, á dúdú, á sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kílò 2 sí 3 rẹ̀ tó fún mítà 1 níbùú àti lóròó. Ẹran, òróró, ìgbẹ́ ajá tàbí ti ológbò ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù tí wọ́n dà tààrà sídìí ẹ̀fọ́ ń jó o, ó sì lè kó àrùn bá ẹni tó máa jẹ ẹ́. Òfin ọ̀gbìn láìlo kẹ́míkà ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọjọ́ 120 wà láàárín ọjọ́ tí ìgbẹ́ tútù wọlẹ̀ àti ọjọ́ ìkórè ohun tó ń kan ilẹ̀, kó sì jẹ́ 90 fún èyí tí kò kàn án. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ tó lè dúró bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n sè é nínú òkìtì.

Kí irúgbìn tó wọlẹ̀, ẹ ka ẹyọ 20 sórí aṣọ tútù, ẹ ká a pọ̀, kí ẹ fi sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ keje, ẹ ka èyí tó hù. Bí ó bá jẹ́ 16, ó dára. Bí kò bá pé 12, ẹ wá òmíràn, kí àwọn ọmọ má bàa máa bomi rin bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Ìdánwò yìí ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ a kì í rí i kí wọ́n ṣe é.

Nọ́sìrì tòmátò tàbí ata: ẹ la ìlà jìn ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí ìlà jìnnà sí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹni tó bá fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ á rí i kí ọ̀pọ̀ ṣubú lulẹ̀ láàárín òru kan, ìdí wọn á ti tín-ín-rín bí òwú níbi tó kan ilẹ̀. Omi àpọ̀jù, ìfúnpọ̀ àti òjìji ló fà á. Ẹ dín omi kù, ẹ ṣí ìbòrí díẹ̀, ẹ fa àwọn tó há mọ́ra tu. Ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣí i, ẹ mú ìbòrí kúrò díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára. Ìrọ̀lẹ́ la ń ṣí i, nígbà tó bá ti yọ ewé gidi 4 tàbí 5, kì í ṣe ọ̀sán gangan nítorí pé ọ̀sán ni ìpàdé ẹgbẹ́ bọ́ sí.

Àìsàn méjì ni a fẹ́ kí gbogbo olórí ẹgbẹ́ mọ̀ yàtọ̀ síra. Bí tòmátò bá rọ ní ọ̀sán lójijì tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tó sì rọ pátápátá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ gé ìtì rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ ki orí ibi tí ẹ gé náà bọ inú ife tó mọ́ gaara tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ má mì í. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ohun funfun bíi mílíìkì bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ bí èéfín tó ń lọ sísàlẹ̀, bakitéríà inú ilẹ̀ ló pa á. Oògùn ò sí fún un. Ẹ hú u tòun ti gbòǹgbò, ẹ sun ún, ẹ má jù ú sórí òkìtì ajílẹ̀, kí ẹ má sì gbin tòmátò, ata tàbí ikàn síbẹ̀ fún ọdún 3 ó kéré tán, torí ìdílé kan ni wọ́n. Èkejì kì í ṣe àrùn rárá: ìdí èso á dúdú, á sì rì wọnú. Wọ́n á sáré lọ ra oògùn kòkòrò. Omi tí a dà lónìí, tí a gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́rin, tí a tún wá dà ní àdàpọ̀jù ló fà á, nítorí pé kálísíọ̀mù kò bá omi dé inú èso náà déédéé. Bí omi bá ń dé déédéé, èso tó ń bọ̀ á dára.

Bí a sì ti dárúkọ oògùn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fín oògùn kòkòrò, kò gbọdọ̀ pò ó, kò gbọdọ̀ fọ ike rẹ̀. Àdéhùn 182 tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣe ní 1999 ka iṣẹ́ tó lè ba ìlera ọmọ jẹ́ mọ́ èyí tó burú jù lára iṣẹ́ ọmọdé. Ike oògùn tó ti ṣófo ni ẹ sì máa rí tí wọ́n ń fi bu omi nínú ọgbà. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi tí ẹ fi ṣan án padà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn, kí ẹ lu ike náà káàkiri kó má lè gba omi mọ́.

Irinṣẹ́ ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ 24 ò nílò ọkọ́ 24. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́fà, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ́ 2, réèkì 1 àti agolo ìbomirin 1. Bárò 1 àti fáìlì 2 tí a fi ń pọ́n ọkọ́ tó fún gbogbo wọn. Fáìlì yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé, ọkọ́ tí kò mú ló sì ń dá ọmọ lápá. Ẹ ka gbogbo irinṣẹ́ nígbà tí ẹ bá kó o jáde, ẹ tún un kà nígbà tí ẹ bá kó o wọlé. Àdá wà lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Iṣẹ́ ṣíṣe àyíká lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi parí ètò, bí ẹni fi òróró pa ara. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló lè sọ ọ̀dọ́ di oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè níṣẹ́. Níbi tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ kọ́ wọn láti fi igi mẹ́ta ṣe ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, tó ń fi ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba hàn. Igi méjì tó gùn ní mítà 2 ni a kàn pọ̀ lórí, tí ẹsẹ̀ wọn yà; ẹ̀kẹta ni a kàn sí àárín kó dà bíi lẹ́tà A. Ẹ so okùn mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ so òkúta tó tó ìkúùkù ọmọdé mọ́ ìdí okùn náà kó lè kọjá igi àárín. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kan èèkàn sí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà, ẹ sàmì sí ibi tí okùn kan igi àárín. Ẹ wá yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí ibi ti òsì, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ó dọ́gba. Láti ibẹ̀, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan yí, ẹ wá ibi tí okùn á ti bọ́ sórí àmì àárín, ẹ kan èèkàn, ẹ tẹ̀ síwájú. Ìlà tí àwọn èèkàn náà bá fà ni kí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé. Níbi tí ọ̀gbàrá ti ń wọ́ ilẹ̀, ẹ gbin koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń jìn wọlẹ̀ tó sì ń di ilẹ̀ mú, sórí ìlà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 jìnnà síra. Afẹ́fẹ́ máa ń mi okùn, ìṣó sì máa ń tú, nítorí náà ẹ tún àmì yẹ̀ wò láràárọ̀.

Ní ti gbọ̀ngán fúnra rẹ̀, ilẹ̀ gbọdọ̀ máa lọ sílẹ̀ kúrò lára ògiri, sẹ̀ǹtímítà 5 fún mítà kọ̀ọ̀kan, títí dé mítà 3. Àwọn tó ń kó ilẹ̀ òdòdó jọ mọ́ ògiri ń fà omi àti ikán wọlé ni.

Igi gbígbìn ló kù. Ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. A ní láti sọ ọ́, nítorí pé lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, nígbà tí kámẹ́rà ń dúró, tòun ti ọ̀rá ni wọ́n máa ń rì í mọ́lẹ̀, igi náà á sì dúró láìdàgbà bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀, kó tó wá kú ní ọdún kejì. Ihò kò gbọdọ̀ jìn ju gíga ìdì ilẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá lọ, ṣùgbọ́n kó fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 2 sí 3. Gbòǹgbò tó bá ti ká yípo, ẹ fi ọ̀bẹ là á ní ibi mẹ́ta. Ẹ da lítà 20 omi sí i lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Koríko tí ẹ fi bo ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ìtì. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèpo igi á rà.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọgbà kò ju òpó ìlà 5 lọ: ọjọ́, bẹ́ẹ̀dì, ohun tí a ṣe, ìwọ̀n omi tàbí irè, orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn ọmọ ni kó kọ ọ́. Owó tí a bá tà, kí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Kí a sì ti sọ kí irúgbìn tó wọlẹ̀ pé mélòó ni ti àwọn ọmọ, mélòó ni ti irúgbìn sáà tó ń bọ̀. Ìjà tó ń tú ẹgbẹ́ ká kì í sábà ju ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ohun tí a wá ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, rèé. Bí wọ́n bá tún pe akọ̀ròyìn yín sí ìfilọ́lẹ̀, kó lọ. Kó wá padà lọ ní ọ̀sẹ̀ 14, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kó má bi àwọn àgbà ní ìbéèrè kankan. Kó fi ìka kan etí ọkọ́ bóyá ó mú, kó ṣí ìdérí táńkì, kó ki ọ̀pá bọ òkìtì ajílẹ̀, kó sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ kẹ́yìn sínú ìwé àkọsílẹ̀. Fọ́tò ojú ewé yẹn ni kẹ́ ẹ bá wa gbé jáde.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìgbèríko